Bó bá rẹ dókítà, ta ni yóò tọ́jú aláìsàn? Ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣekúdórógbó láwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà

Ẹ fi ojú inú wo wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Ó lè jẹ́ ní Kano, ó lè jẹ́ ní Enugu, ó sì lè jẹ́ ní Jos tàbí Abuja.

Dókítà ọ̀dọ́ kan jókòó ti tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ kọ oògùn fún ọmọ ọdún méjì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Oúnjẹ tó rà lọ́sàn-án àná ṣì wà nínú ọ̀rá, ó ti tutù, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó kọ iye oògùn náà sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo ìwé náà, ó sì rọra sọ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibí yìí wò." Ó wò ó. Àmì kékeré tó yẹ kó wà láàárín òǹkà méjì kò sí níbẹ̀. Oògùn tí ọmọ náà ì bá gbà ì bá tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó yẹ.

Nọ́ọ̀sì rí i lákòókò, ọmọ náà sì gba oògùn tó tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ kẹrin léraléra nìyí fún nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú, ọwọ́ orí ló sì fi rí i.

Dókítà yìí kò ní orúkọ nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sun wọ́ọ̀dù rí, bóyá aláìsàn ni tàbí ẹni tó gbé aláìsàn wá, yóò ti pàdé rẹ̀. Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá sì lù, kì í ṣe ilé ló ń lọ. Àwọn ọ̀gá á dé láti yẹ àwọn aláìsàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bá wọn yí wọ́ọ̀dù ká, yóò kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ọ̀sán á sì pọ́n sí i níbẹ̀.

Ẹni tí kì í sinmi ló ń gba ìyìn

Yorùbá ti ní orúkọ fún irú iṣẹ́ báyìí tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni. Orúkọ náà kò fi nǹkan kan pamọ́, ikú ń bẹ nínú rẹ̀ kedere. Síbẹ̀, ìyìn ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe fún ènìyàn.

Ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé tó sì gbẹ̀yìn lọ ni ọ̀gá máa ń tọ́ka sí. Ọ̀gá á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹni tó bá dáhùn kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òṣìṣẹ́ gidi. Nílé ìwòsàn, àwọn dókítà àgbà a máa fi ẹ̀rín sọ bí àwọn ṣe dá di wọ́ọ̀dù odidi mú fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò bá a lára mu.

Ìyìn yẹn ń bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí iṣẹ́ di bárakú fún àti ẹni tí kò rí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1971, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Wayne Oates, tó tún jẹ́ pásítọ̀, gbé ìwé kan jáde nípa àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ara ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀mùtí ló ti ṣẹ̀dá orúkọ fún wọn: workaholic. Bí ọtí ṣe ń fa ọ̀mùtí ni iṣẹ́ ń fa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà náà, wọ́n wà nílé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wà lọ́jà, wọ́n sì wà nínú àwọn dókítà.

Ṣùgbọ́n dókítà aago mẹ́rin ìdájí yẹn kò sí lára wọn. Òun ì bá sùn bó bá rí ààyè. Bí wọ́n bá gbà á níyànjú pé kó dín iṣẹ́ kù, kó máa ṣe eré ìdárayá, kó sì máa mu omi dáadáa, ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún un nímọ̀ràn kò tíì rí ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ sára ògiri.

Nígbà tí oorun kò tó láti wo àárẹ̀

Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn ní New York, ló mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní burnout wọ inú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1974. Lọ́sàn-án, ó ń gba àwọn tó ń sanwó fún un. Lálẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó fi tọkàntọkàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an ni agbára ń tètè tán lára wọn, bí àtùpà tó jó epo rẹ̀ tán. Òun alára sì wà lára wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti wọ inú ìwé tí àjọ náà fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Wọn kò pè é ní àìsàn o. Wọ́n ní ohun tó ń ti ẹnu iṣẹ́ wá ni, nígbà tí wàhálà iṣẹ́ bá pẹ́ lára òṣìṣẹ́ tí kò sì sí ìyanjú. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Agbára ẹni náà á tán. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á sú u, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí i, kò sì ní rí ohun rere nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkejì yẹn ló yẹ kí àwọn aláìsàn mọ̀ jù, nítorí àwọn ló ń jìyà rẹ̀. Dókítà tó ń jágbe mọ́ ìyá ọmọ, nọ́ọ̀sì tí kì í gbójú sókè bí wọ́n bá kí i, kò sí ẹni tí kò ní ìtàn kan láti sọ nípa wọn. Ìwà tí kò dára ni, kò sí àwáwí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹkún ni wọ́n máa ń sun bí aláìsàn wọn bá kú.

Èyí ló mú kó yàtọ̀ sí àárẹ̀ lásán. Àárẹ̀ lásán, ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kan lè wò ó. Ẹni tí èyí bá mú á sùn, á jí, àárẹ̀ náà á ṣì jókòó tì í.

Ìwọ̀n wákàtí náà tún ní iye ẹ̀mí tó ń gbà. Ní ọdún 2021, WHO àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní nínú ọdún 2016 nìkan, ènìyàn 745,000 ni rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa káàkiri àgbáyé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ga sí i, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 nínú 100 ga sí i.

Ẹ fi ti dókítà wa yẹn ṣírò. Iṣẹ́ ojúmọ́ wákàtí mẹ́jọ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 40. Bó bá gba kọ́ọ̀lù méjì láàárín ọ̀sẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan gùn ní wákàtí 16 lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́, ìyẹn jẹ́ 32. Ó ti di wákàtí 72, kò sì tíì kan òpin ọ̀sẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ikú dókítà kan ní Èkó, tó ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, di ọ̀rọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ló ti lò lẹ́nu kọ́ọ̀lù kó tó kú. Ìròyìn nìkan kò tó láti fi mọ ohun tó pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ṣe ya àwọn ará ìlú pé ènìyàn lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72, kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn dókítà lẹ́nu.

Ẹni tó lọ kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Ní ọdún 2024, Muhammad Ali Pate, mínísítà ètò ìlera, sọ pé nǹkan bí dókítà 55,000 tó ní ìwé àṣẹ ló wà ní Nàìjíríà, àti pé nǹkan bí 16,000 ti kúrò láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú. Nàìjíríà ní èrò tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá pín àwọn dókítà náà káàkiri lọ́gbọọgba, ènìyàn tó lé ní 3,600 ni yóò kan dókítà kan. Wọn kò sì pín lọ́gbọọgba. Àwọn ìlú ńlá ló kó èyí tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké sì wà níbi tí dókítà kan ṣoṣo ti jẹ́ dókítà ọmọdé, ti aboyún àti ti oníṣẹ́ abẹ.

Bí ẹnì kan bá japa, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a japa. Ó wà níbẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á pín in fún àwọn tó kù. Yóò rẹ àwọn tó kù, àwọn náà á wá máa fi òru kọ́ọ̀lù ka ìwé ìdánwò PLAB tí wọ́n fi ń wọ iṣẹ́ ní Britain. Ẹni tó bá yege nínú wọn á lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ náà á wá sórí tábìlì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ NARD, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ló sì gba ẹnu àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bèèrè pé kí ìjọba gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i, àti pé bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan bá kúrò, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ìwé ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ẹni tí yóò bá wọn gbé e.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú, àbádòfin kan ti kọjá ìpele kíkà kejì nílé aṣojú-ṣòfin. Ó fẹ́ kí dókítà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ kíkún. Àwọn dókítà fárígá. Ohun tó ń dun àwọn aṣòfin kò ṣòro láti mọ̀, nítorí owó ìlú ló tọ́ wọn dàgbà sínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n bá fi so ẹni tó rẹ̀ mọ́ ìdí iṣẹ́ kò ní mú àárẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìsinmi ń dúró de gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní Britain, òfin ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ ní ìpíndọ́gba, àyàfi bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i pé òun gbà láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú "àyàfi" yẹn ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí BBC kan ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn dókítà kan tí wọ́n gbà láti Nàìjíríà sí ilé ìwòsàn aládàáni níbẹ̀ ń wà lẹ́nu kọ́ọ̀lù ní wákàtí 24 lóòjọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀, tí wọn kò sì lè jáde nínú ọgbà. Ohun tí wọ́n sá fún nílé ló tún pàdé wọn lọ́nà.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ta ló ń bá wí?

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, kò dákẹ́ lórí ìsinmi. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi láàárín iṣẹ́ náà. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ rí ìsinmi wákàtí 24 gbáko. Bó bá lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ọdọọdún tí owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró.

Ihò méjì ló wà níbẹ̀. Òfin náà kò sọ iye wákàtí tí iṣẹ́ ojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó fi í sílẹ̀ fún àdéhùn, yálà láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tàbí pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí ní Nàìjíríà mọ irú àdéhùn tó máa ń jẹ́: wọ́n á gbé ìwé síwájú rẹ, ìwọ á sì fọwọ́ sí i. Ihò kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òfin náà ń túmọ̀ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti àwọn amọṣẹ́dunjú kúrò. Dókítà wà lára àwọn tó yọ. Mánẹ́jà báńkì tí wọ́n ní kó wá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wọlé kí oṣù tó parí náà wà lára wọn. Ẹni tó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, bí ọlọ́jà tàbí oní-kẹ̀kẹ́ Maruwa, kò tilẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ tó lè pè lẹ́jọ́.

Ní Ghana, òfin iṣẹ́ ọdún 2003 sọ tirẹ̀ sójú ọ̀rọ̀: wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ tàbí 40 lọ́sẹ̀, ìsinmi ọdọọdún kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 15. Èyí kò ní kí iṣẹ́ má rẹ àwọn dókítà ní Accra tàbí Kumasi. Ó ń rẹ̀ wọ́n, àwọn náà sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ráhùn níbẹ̀ ní òǹkà kan tó lè nawọ́ sí.

Òfin mìíràn tún wà ní Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Òun ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Ó fàyè gba owó fún ẹni tí wàhálà ọpọlọ bá dé bá láti ẹnu iṣẹ́, bí dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí bá jẹ́rìí sí i. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí àpò náà, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù wọn. Òfin náà ní ààlà tirẹ̀. Kò kan ẹni tó jẹ́ pé ìpinnu ọ̀gá láti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà tàbí láti dá a dúró ló bà á lọ́kàn jẹ́. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn kan ni, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa kàn án.

Ọmọbìnrin tó kú ní New York

Ní ọdún 1984, ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Libby Zion dé ilé ìwòsàn kan ní New York lálẹ́. Ibà ń bá a fínra, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti kú. Àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn mìíràn ló sì wà lọ́rùn wọn lóru náà. Wọ́n fún un ní oògùn kan tí kò yẹ kó pàdé oògùn mìíràn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Sidney Zion, jẹ́ oníròyìn, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn náà kò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan àwọn dókítà. Ètò tó fi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, tí oorun ń kùn, sílẹ̀ láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n bá wí. Ní ọdún 1989, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin pé dókítà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 24 lọ léraléra. Ní ọdún 2003, wákàtí 80 náà di ti gbogbo Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, wákàtí 80 ṣì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ló burú jù.

Ìwádìí ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní Australia fi hàn pé bí ènìyàn bá wà lójúfò fún wákàtí 17 léraléra, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó mu ọtí dé ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ka wíwa ọkọ̀ léèwọ̀. Bó bá di wákàtí 24, ó ti kọjá ìyẹn dáadáa. Ní ọdún 2004, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi àwọn dókítà tuntun tó ń ṣe kọ́ọ̀lù gígùn wé àwọn tí wọ́n dín wákàtí wọn kù. Àṣìṣe ńlá tí àwọn oní-kọ́ọ̀lù gígùn ṣe fi ìdá 36 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ.

Kò sí ìyá tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ fún dókítà tó ń gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀. Oorun kì í ní òórùn.

Bó bá lọ sùn, ta ni yóò dúró?

Ìbéèrè yìí ló máa ń pa àwọn tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu mọ́, ìbéèrè náà kò sì burú. Ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé dókítà méjì péré ló ní fún àwọn ọmọdé, òfin wákàtí 48 kò ní bí dókítà kẹta. Ẹni tó bá sì sọ pé kí gbogbo wọn lọ sùn kò tíì dúró sí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì rí ní ọjọ́ tí mọ́tò bá já.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wákàtí 72 yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ bi àwọn dókítà ọ̀dọ́ léèrè. Wọ́n á sọ iye wákàtí tó ń lọ sórí wíwá fáìlì tó sọnù, gbígbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù fúnra ẹni, títi kẹ̀kẹ́ aláìsàn, àti dídúró kí jẹnẹrétọ̀ tan. Iṣẹ́ tí kò gba ìmọ̀ ìṣègùn ni gbogbo ìwọ̀nyí. Owó tí wọ́n ń ná láti kọ́ dókítà kan pọ̀ ju owó oṣù àwọn tó lè ṣe wọ́n lọ fíìfíì. Ilé ìwòsàn tí kò lè rí dókítà kẹta gbà lè rí ẹni tí yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù gbà.

Yàrá táwọn dókítà máa ń sùn sí lóru kọ́ọ̀lù náà ń kọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, kò sí omi, kò sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀dì kan sì ni fún ènìyàn mẹ́rin. Oorun wákàtí kan ní ibi tó dára láàárín òru lè yí aago mẹ́rin ìdájí padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ṣe kọ́ọ̀lù mọ́jú gbọ́dọ̀ bá wọn yí wọ́ọ̀dù ká di ọ̀sán. Àṣà ni. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù kan lè fòpin sí i lọ́la láìkọ̀wé sí Abuja.

Ìtìjú ni ibi tó le jù. Dókítà tó ń sọ fún aláìsàn pé kó lọ rí oníṣègùn ọpọlọ kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè, lòdì sí kí wọ́n máa ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé lè yára yí padà ju ẹnu àwọn akẹgbẹ́ lọ. Ìyàwó, ọkọ tàbí ìyá sì sábà máa ń tètè rí i ju ọ̀gá lọ. Ẹni tó ń wọlé tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, tí inú ń bí sí ọmọ láìnídìí, tó ń sunkún nínú ọkọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ọlẹ, kò sì yẹ kí wọ́n sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mínísítà Pate kéde pé Ààrẹ Bola Tinubu ti fọwọ́ sí ìlànà ìjọba lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń ṣí lọ sókè òkun. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí àwọn dókítà máa fi bèèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn wọn: ìlànà náà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ara déédéé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, nípa àlàáfíà ọpọlọ wọn, àti nípa dídín wákàtí iṣẹ́ tó pọ̀ jù kù, pàápàá fún àwọn dókítà ọ̀dọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Iye wákàtí tó pọ̀ jù, ẹni tí yóò kà á, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwòsàn tó bá kọjá rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Ẹ padà sí wọ́ọ̀dù yẹn. Aago méjì ọ̀sán ti lù. Dókítà náà ti bọ́ aṣọ funfun, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ní kó lọ fi orí lélẹ̀ díẹ̀ kó tó wa ọkọ̀, ó ní ilé kò jìnnà. Bó ṣe ń kọjá, ó dúró díẹ̀ níwájú ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ oṣù náà sára ògiri. Orúkọ mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà sórí mẹ́ta. Òun ló tún ni kọ́ọ̀lù ọ̀túnla.